Ìgbà Tí Ọmọ Ehoro Bá Lè Dá Jẹun

Ìyàwó ti pa ọmọ ehoro rí, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ó rò pé wọ́n ti dàgbà tó, ló bá kó wọn kúrò lábẹ́ ìyá wọn, ó kó wọn sínú kéèjì tuntun lẹ́yìn ilé, ó sì já koríko tútù fún wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ló gbá òkú wọn dànù. Kò pariwo.

"Bí òmíràn bá tún kú, n ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ," ló sọ. "Ẹni tí kò mọ ìgbà tí ọmọ lè dá dúró, kí ló fẹ́ fi ọmọ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyàwó bí ẹ̀gún. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, àwọn ehoro yìí nìkan ni Màmá fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí abo ehoro dúdú tún bímọ, ó pinnu pé ẹyọ kan kò ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Màmá fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì, ó jókòó. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí i.

"Àṣìṣe rẹ ni pé ọmọ lo gbé kúrò. A kì í gbé ọmọ. Ìyá là ń gbé. Ọmọ tó bá wà níbi tó mọ̀, tí ibùsùn rẹ̀ kò yí padà, kì í pẹ́ gbàgbé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó ná. Ṣé ó ti ń jẹ koríko gbígbẹ fúnra rẹ̀? Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ti le? Bí ẹlòmíràn bá gbé e, ṣé kì í gbọ̀n mọ́?"

"Bí ìyá bá wá ń wá wọn ńkọ́?"

"Gbé e jìnnà. Bí ó bá wá wọn wá wọn, yóò sú u."

Lásìkò yìí kan náà ni Màmá rọ̀ bí òwú. Kò tíì pẹ́ tí Ìyàwó já ọmọ tirẹ̀ lẹ́nu ọmú, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà máa ń wà lójoojúmọ́. "Gbé ọkọ mi fún mi," ni Màmá wí, "kí o lè gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ." Ó tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá tirẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń sunkún. Ìyàwó a dìde, Màmá a sì ti inú yàrá fèsì pé kó padà lọ sùn, ọmọ ti ń dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ lóòótọ́. Ó ń fi ṣíbí jẹun, Màmá sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àní bí aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bá gbé e, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ìwọ lo rí ìyá ọkọ he o," ni aránṣọ wí. "Tèmi, bí mo bá ní kó bá mi gbé ọmọ, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójú ẹsẹ̀."

Nígbà tí ọkọ Ìyàwó ti ibi iṣẹ́ dé lópin ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọjú sí nídìí oúnjẹ. "Ṣé ó ti ń sùn mọ́jú?"

"Bí òkúta," ni Màmá dáhùn.

Ó mi orí, ó ń jẹun lọ. Inú Ìyàwó dùn. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti bèèrè nípa ohunkóhun nínú ilé yẹn, títí kan òun alára.

Tíṣà tó fẹ́ kó àwọn ehoro náà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti wá, ó tún wá. "Ìyàwó wa, ṣé ehoro lẹ ń sìn ni àbí ọmọ ọba?"

"Ẹ ní sùúrù, mà. Bí ẹ bá gbé òkú dé kíláàsì, ta ni yóò rẹ àwọn ọmọ lẹ́kún?"

Ìyàwó gbé abo dúdú lọ sínú kéèjì mìíràn ní ìsàlẹ̀ ọgbà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ lọ fi imú ti igun tí ìyá rẹ̀ máa ń sùn sí. Ó dúró díẹ̀. Ó yíjú padà sídìí koríko. Ní ìsàlẹ̀ ọgbà, ìyá ń ge wáyà jẹ títí ẹnu rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀.

"Màmá, ẹ wo ẹnu rẹ̀."

"Má wo ìyẹn," ni Màmá wí. "Àwọn ọmọ ni kó o máa wò."

Kò sí èyí tó kú. Lọ́jọ́ tí wọn yóò lọ, Màmá gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ tẹ ikùn wọn. "Wọ́n ti tó. O ti mọ iṣẹ́, ọmọ mi." Kò pè é ní ọmọ rí. "Ìwọ fúnra rẹ ni kó o kó wọn lọ. Má kánjú bọ̀ o." Ọkọ rẹ̀ wà nílé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni. Òun ló bá a gbé apẹ̀rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó ń wo apẹ̀rẹ̀ náà ṣáá.

Nílé ẹ̀kọ́, Ìyàwó kò kánjú. Ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé ehoro mọ́ àyà, kò sì sí èyí tó gbọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé, ó ń to bí yóò ṣe ròyìn fún Màmá lẹ́nu.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́, Ìyàwó kànkùn títí, kí Màmá tó rọra sọ̀rọ̀ láti inú ilé pé, "Ìyàwó, má pariwo, ẹrù rẹ wà lẹ́yìn rẹ níbẹ̀ yẹn; ọmọ ń jẹun, kò sì tíì bèèrè rẹ."