Ọdún Mẹ́rin Kẹsáyà

Wọ́n jí ọdún mẹ́rin gbé nínú ayé Kẹsáyà. Ẹjọ́ tó gbé wá sílé ẹjọ́ nìyẹn, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ.

Òfin ni pé ọmọ tí obìnrin bá bí sínú ìdè, yóò sin ọ̀gá ìyá rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tamusini, ìyá Kẹsáyà, sìn ín pé, ó gba òmìnira. Kẹsáyà náà ti pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lónìí, inú òmìnira ni yóò bímọ sí. Bí wọn ò bá tú u sílẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ náà yóò sìn.

“Dúró gangan lónìí,” ni Tamusini wí lẹ́nu ọ̀nà.

“Nígbà tí a wá síbí lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ẹ ní kí n tẹ orúnkún wọlé, kí n bọ̀wọ̀ fún adájọ́.”

“Tìgbà yẹn lọ́tọ̀.”

Pọ́lì, ẹgbẹ́ Kẹsáyà tó wá jẹ́rìí, rẹ́rìn-ín. Ìka méjì ti gé lọ́wọ́ rẹ̀ lóko. “Kẹsáyà ọmọ ìdí ààrò! Bí a ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n kó àwa ẹgbẹ́ ẹ lọ sóko tábà. Ìwọ ń fọ ìkòkò!”

“Ìlara ló ń pa ọ́,” Kẹsáyà dáhùn.

Nínú ilé ẹjọ́, Ọ̀gá Hẹ́mbúrò tí Kẹsáyà ń sìn sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Kẹsáyà. “Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.”

“Irọ́ ni, olúwa mi! Nígbà yẹn, wọ́n wò mí nílé ẹjọ́ yìí, wọ́n ní kí n jáde. Ọ̀gá wá kọ ohun tó wù ú. Ẹ bi ìyá mi,” ni Kẹsáyà wí fún adájọ́.

“Ìyá, ọmọ ọdún mélòó lọmọ yìí?” ni adájọ́ bi Tamusini.

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.” Tamusini ò gbójú sókè.

“Akọ̀wé, gbé ìwé ẹjọ́ àtijọ́ wá,” ni adájọ́ wí.

“Kí la fẹ́ fìwé ṣe, olúwa mi? Èmi tí mo bí i ni mo dúró yìí.”

“Ẹ jẹ́ kó kà á, Màmá,” ni Kẹsáyà wí. “Káyé gbọ́ orúkọ ẹni tó jí ọdún mi.”

Akọ̀wé ṣí ìwé àtijọ́. Ó ń fìka tọ ìlà. “Ọ̀gá Hẹ́mbúrò ní Kẹsáyà ti pé mẹ́rìndínlógún, ó tó lọ sóko. Ilé ẹjọ́ ní ọmọ ọdún méjìlá ni, kó dúró sí ilé ìdáná, nítorí ẹ̀rí ẹni tó fi Bíbélì búra.”

“Ta ló búra?” Kẹsáyà kígbe. Ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀.

“Tamusini, ìyá ọmọ náà,” ni akọ̀wé kà, Kẹsáyà sì yí padà sí ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú: “Màmá, ẹ dá mi lóhùn.”