Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Kọ Áyọ́ọ̀nù

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè fún áyọ́ọ̀nù yìí níná. Iná ń ta pàrà nínú wáyà rẹ̀.”

Ohùn sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri pálọ̀ nìyẹn, èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tí kì í gbàgbé ìkíni. Ìyá Fadérera wo aago. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí ìsìn bẹ̀rẹ̀, òun ló máa dá orin lónìí, aṣọ akọrin rẹ̀ sì ti rún jọ.

“Bàbá Fadérera, ẹ wá gbọ́ ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ń wí!”

Ọkọ rẹ̀ jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló so wáyà áyọ́ọ̀nù náà lóṣù tó kọjá, tó fi téèpù wé e.

“Irọ́ ló ń pa! Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wo abẹ́ téèpù.”

Bàbá ń kùn bó ṣe ń tú u. Wáyà abẹ́ rẹ̀ ti jó dúdú. Ìyá Fadérera tún wo aago.

Bàbá gé ibẹ̀ dànù, ó fi wáyà tuntun sí i, ó ki orí wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọṣẹ́ mọ́kànlélógún ni mo kọ́. Kò sí ìkankan tó láyà láti sọ fún mi pé mo ṣàṣìṣe.” Ó fọwọ́ gbá ògiri jẹ́jẹ́. “Ìwọ, mo fún ọ ní fúrídọ́ọ̀mù lónìí, o ti kọ́ṣẹ́ yege.”

“Ẹ ṣé, Ọ̀gá,” ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wí.