Igbó Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí Thongdam bá ti ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ ni yóò wá ọgbẹ́ lára rẹ̀. Buakhai á tú ìka rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ ka egungun ìhà, á ní kó lanu. Ọmọ náà kò lè wò ó fúnra rẹ̀, nítorí kò mọ ìrora. Lọ́dún tó kọjá, apá tó ti kán ló fi ń jẹun fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Dókítà obìnrin kan ní Khon Kaen ló là á yé wọn.

"Màmá, kò sí ara tí kì í po igbó tirẹ̀, bí èyí táwọn èèyàn ń mu. Díẹ̀díẹ̀ lara ń pò ó, ká lè sùn, ká lè jẹun, kí ọkàn balẹ̀. Á sì tún gbá a dànù. Ti ọmọ yín kì í dànù. Òun ni ẹ̀rù kì í fi í bà á, tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, tó sì ń gbàgbé nǹkan. Ìrora ni ajá tó ń ṣọ́lé. Tiẹ̀ kì í gbó. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bá a ṣọ́lé."

"Mo ti gbọ́, Dókítà."

"Inú ìdílé ló máa ń ti wá o."

Buakhai bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ̀ ni. Olórí kunkun yẹn! Títí tó fi kú, kò sóhun tó wọ̀ ọ́ létí."

Dókítà ní kí òun náà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbà. Ó sì gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún tẹ́ńpìlì, Buakhai fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò ìrẹsì kúrò lórí iná.

"Màámi, ẹran wo lẹ ń sun?"

"Ẹran kẹ̀? Ìrẹsì lásán ni. Jẹun jàre, ẹni tó fẹ́ gbá ẹ létí ti jí."

Ẹni náà ni Sila, ará Nong Waeng, tí Thongdam máa bá jà níbi ọdún náà. Lọ́sàn-án, kò bá Thongdam ṣeré rárá. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ la ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sára àwọn tó jókòó níwájú. Ó fi orúnkún gún un níhà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Thongdam ń rẹ́rìn-ín. Buakhai yọ ìborùn rẹ̀, ó ń ta kókó sí etí aṣọ náà fún ibi kọ̀ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, kó má baà gbàgbé. Kókó mẹ́jọ ló ta.

Lẹ́yìn náà ni Thongdam fi ẹsẹ̀ gbá Sila lágbọ̀n. Àgbọ̀n náà dá bí igi gbígbẹ. Eyín méjì fò jáde, Sila sì dojú délẹ̀, kò dìde mọ́.

"Igbó ló mu!" ni ẹ̀gbọ́n bàbá Sila pariwo. "Ta ni wọ́n ń lù báyẹn tó ń rẹ́rìn-ín?"

Àwọn èèyàn ń sá sẹ́yìn. Buakhai rìn lọ bá a.

"Bàbá, ẹ lọ ṣa eyín ọmọ yín nílẹ̀."

Ìgò ló kọ́kọ́ fò. Wọ́n fọ́ àga mọ́ ọkùnrin kan lórí, wọ́n fi eyín gé etí ẹlòmíràn. Ẹnì kan ti Buakhai gidi látẹ̀yìn, ó sì ta gọ́ọ́gọ́ọ́ síwájú. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó da ìborùn bo ẹ̀yìn, ó sì wá ọmọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa yìnbọn sókè, tí gbogbo wọn fọ́n ká, Buakhai ti nu ojú Thongdam mọ́, ó ti di ìpéǹpéjú náà. Ó ń tú kókó kọ̀ọ̀kan bó ti ń yẹ ara ọmọ rẹ̀ wò. Ìborùn náà tutù lẹ́yìn. Ó rò pé omi ni wọ́n dà sí òun lára. Ó di èjìká Thongdam mú. Ó ní oòrùn ni. Ó tú kókó kẹjọ.

"Kò sóhun tó kán!" Inú rẹ̀ dùn dé góńgó.

Thongdam kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, bó ti máa ń ṣe tó bá ti borí. Nígbà tó dìde, iwájú orí rẹ̀ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

"Yéè, mo ti fo ibì kan!"

"Màámi, kì í ṣe tèmi."

Ó ṣì ń tú irun ọmọ rẹ̀ wò, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ọwọ́ Thongdam ba èèkù ọ̀bẹ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, lábẹ́ ìborùn.