Ilà Inú Fọ́tò

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dáadáa, Bàbá," ni télọ̀ kan wí fún Babárìndé, lébìrà tó ń fọ́ kòkó lóko Atosin. "Ìlú wo ló ń kọ irú ilà yìí?" Ìyàwó télọ̀ náà pọnmọ, ó dúró tì í.

Ìlú mẹ́sàn-án ló ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, fọ́tò nìkan ni ìyẹn sì fi mọ bàbá ọmọ. Ilà dúdú tó rí nínú fọ́tò náà ló ní kí olóòlà kọ fún un, kí àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ kan.

Babárìndé, tó bá bàbá télọ̀ náà wa èédú ní Énúgù, gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ta ló pe èyí ní ilà? Òkúta ló já lù ú nínú kòtò. Èédú wọ ojú ọgbẹ́, ó sì jinná mọ́ ọn. Wọn kì í kọlà nílé wọn láéláé! Ọ̀bọ̀rọ́ ni wọ́n, òun ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀."

Lẹ́yìn ìyàwó télọ̀ náà, ọmọ ké. Ojú ilà tí wọ́n kọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì jinná.