Ewú Abẹ́ Ìrókò

Àlọ́ mi fò pẹ̀ẹ́, ó bà sórí ìrókò.

Àwọn ọmọ ẹyẹ kọ́ṣẹ́ fífò tán, wọ́n ń yan igi tí wọn yóò ti máa gbéra. Ẹni tó kọ́kọ́ dé igi ló ń gba ẹ̀ka òkè, kò sì sí pípààrọ̀ ẹ̀ka mọ́.

Igún ké láti téńté ìrókò: "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ wo ewú àgbà lórí àwọn ẹyẹ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wa."

Àdàbà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹyẹ náà, fura. "Baba, kí ló dé tí ewú fi pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ?" Ó sún mọ́ wọn: ìgbẹ́ Igún ni! Ó kọrin:

Wo òkè kó o tó bà.
*Pẹ̀lẹ́ o, ẹyẹ, pẹ̀lẹ́!*

Ó gba orí igi ọsàn tó ṣófo lọ. Lọ́dún kejì, àwọn ẹyẹ tuntun dé. Àdàbà ké láti téńté ọsàn: "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Ìgbẹ́ ti ń gbọ̀n ọ́n.