Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Ìbọn

Kí àlejò tó wọlé ni Ìyá Mojírádé ti ń wo ìbàdí ọkọ rẹ̀. Ìbọn náà wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Gbogbo baálé ilé ló ní in báyìí, kì í sì í dúró de ìka ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá yára jù níwájú ẹni tó dè é mọ́dìí, ìbọn náà á kọ́kọ́ han. Bí onítọ̀hún bá tún mira, á dún. Ìdúró ni gbogbo ayé wá fi ń kí àgbà, tọwọ́-tọwọ́ lókè.

"Bàbá Mojí, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ ná."

"Kí olè wá ká mi mọ́lé lọ́wọ́ òfo?"

Ni Adégúnlẹ̀, àfẹ́sọ́nà Mojírádé, bá wọlé. Ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Bó ṣe rí àna rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé mú un gbàgbé ara: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìbọn han gooro.

"Má mira o, ọmọ mi! Má dìde!" Bàbá kígbe.

Adégúnlẹ̀ dojú bolẹ̀, kò mí. Bàbá rọra dá ìkíni náà lóhùn: "Wà á dàgbà. Wà á dàgbà."

Ìyá Mojírádé fẹ́ kúnlẹ̀ ṣe àmín. Ó rántí ìbọn, ó dúró gbọnin.