Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta Ẹsẹ̀ Bàtà

Kí ni a ti mọ̀ nípa ìdánwò àwọn awakọ̀ bàálù? A mọ̀ pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe é, nínú ẹ̀rọ kan tó ń ṣe bí bàálù, tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, tí iná á máa jó lára ẹ́ńjìnnì tí kò sí. A mọ̀ pé ó parí nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. A sì mọ̀ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léra, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ tí à ń wí yìí ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ọmọlúàbí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó bá àgbà jiyàn. Ó jáde nínú ẹ̀rọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó nu ojú, ó pe ìyàwó rẹ̀.

“Báwo ló ṣe lọ?”

“Ọpẹ́ ni. Kò síbi tí ọwọ́ mi ti yẹ̀.”

“Ṣé kí n sọ fún Màámi?”

“Ní sùúrù ná. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó.”

Yàrá olùdánwò kò ju tábìlì kan àti àga méjì lọ. Bàbá onírun funfun ni olùdánwò náà. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde wà láàárín wọn, ó kọjú sí awakọ̀.

“Mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n,” bàbá náà wí. “O fìdí rẹmi.”

Awakọ̀ di orúnkún ara rẹ̀ mú.

“Nígbà tí ẹ́ńjìnnì òsì kú, mo ní kí o dúró sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà. O já wálẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Òkè ló wà níbẹ̀. O ti pa gbogbo èrò ọkọ̀.”

Awakọ̀ wo ìwé náà. Ìlà tí ẹ̀rọ fà dúró gbọnyin lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tún un wò. Ó gbójú sókè, ó sì gbé e wálẹ̀.

“Ṣé o lóhun tí o fẹ́ sọ?”

“Rárá, sà.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Bí ẹ bá ti wí i, bẹ́ẹ̀ náà ni, sà.”

Bàbá náà rọra mu omi. “Ìyàwó ńkọ́?”

“Ó wà, sà. Oyún ẹ̀ ti pé oṣù méje.”

“Iṣẹ́ yìí náà lẹ sì ń jẹ. Tún ìwé yẹn wò fún mi dáadáa. Kò sí nǹkan kan?”

Awakọ̀ rọra ti ìwé náà padà. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, sà. Ẹ ṣé.”

Bàbá náà ti báírò síwájú rẹ̀. Awakọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà. Ó tú bájì èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀.

Bàbá náà fa fọ́ọ̀mù ìdánwò yọ nínú dúrọ́ọ̀, níbi tí ó ti kọ “ó yege” síwájú ìbéèrè mẹ́tàdínlógún láti aago mẹ́wàá, ó sì kọ “kò yege” síwájú ìkejìdínlógún, èyí tó kẹ́yìn: Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣìṣe lójú rẹ̀, ǹjẹ́ awakọ̀ yìí lè sọ fún un?